Windows tó bá kọ̀ǹpútà tuntun wá, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ojúẹlẹ́gbá tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a sì ti ń bá àwọn ọmọ iléèwé fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra láptọ́ọ̀pù tuntun kan ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe já páálí rẹ̀. Windows 11 ni mo bá lórí rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ kí ó dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi mọ̀, kò jẹ́ kí n fi dráífà sí i. Ètò ìṣirò owó tí mo ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó kọ ìyẹn náà. Ohun tó ń kọ sójú ni pé èyí tó bá ti inú Microsoft Store wá nìkan ni òun lè gbà. Mo gbé e padà tọ ẹni tó tà á fún mi lọ. Ó ní Windows tí wọ́n gbé e wá láti òkè òkun kò pé, pé kí n mú owó díẹ̀ wá kí ọmọṣẹ́ òun pa á rẹ́, kí ó sì fi Windows 10 tó pé sí i. Àbúrò mi ọkùnrin ní n kò gbọdọ̀ gbà; bàbá àwọn ọmọ mi ní kò sí ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

Àbúrò yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Windows yín pé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti ìlẹ̀kùn kan mọ́ ọn, ẹ sì lè ṣí ìlẹ̀kùn náà fúnra yín láìná kọ́bọ̀.

Ipò tí Microsoft ń pè ní S mode ni kọ̀ǹpútà yín wà. Ọdún 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, nígbà ayé Windows 10, àwọn iléèwé àti àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Kọ̀ǹpútà tó bá wà ní ipò yìí kì í gba ètò kankan àfi èyí tó bá gba inú Microsoft Store, ọjà ètò Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọlé; ìbáà jẹ́ fláàṣì ni ẹ fi gbé e wá, ìbáà jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti gbà á wálẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín gan-an, yóò kọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe rí i yẹn. Èrò wọn ni pé bí kò bá ti gba àlejò, kòkòrò kọ̀ǹpútà kò ní rí ibi wọlé. Kò burú fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń fi kọ̀ǹpútà kàwé, ṣùgbọ́n kí ni onísọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé fẹ́ fi ṣe?

Ẹ so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, kí ẹ wá ibi tí Activation wà. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí "Switch to Windows 11 Home", pẹ̀lú ìlà kan lábẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé yín wọ inú Store, ẹ ó sì tẹ "Get" níbẹ̀. Ẹ lajú yín dáadáa o, nítorí pé ojú ewé kan náà ni ibòmíràn wà tí wọ́n kọ "Upgrade your edition of Windows" sí. Windows Pro ni ìyẹn ń tà fún yín, owó gidi ni yóò sì béèrè. Ọ̀fẹ́ ni èyí tí mo ń sọ. Store yóò ní kí ẹ fi ímeèlì yín wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi ímeèlì tiyín ṣe é, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Bí ẹ bá ti jáde, ẹ kò lè padà sínú S mode mọ́, kò sì sí ohun tí ẹ gbàgbé síbẹ̀.

* * *

Bàbá àwọn ọmọ kò parọ́ ṣá. Láàárín àwa tí a kọ́ṣẹ́ ní òpópónà Otigba ní Computer Village, àṣà ni pé kí a pa ohun tó bá kọ̀ǹpútà wá rẹ́ kí oníbàárà tó gbé e lọ sílé. Èmi náà ti ṣe é láìmọye ìgbà. Ọdún 2007 ni mo wọ ẹnu iṣẹ́, ọdún tí Windows Vista dé ọjà, kò sì sí Vista kan tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀gá mi tí kò di XP, Windows tó ṣáájú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. A jàre nígbà náà. Vista wúwo, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó sì gbé e wá kò ní ju RAM 512MB lọ (RAM ni àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), kí ẹ tẹ Word báyìí, kí ẹ lọ bu omi mu, kí ẹ padà dé kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí. Microsoft fúnra rẹ̀ gbà kí ẹni tó ra Vista Business tàbí Vista Ultimate lo XP Professional dípò rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Windows 8 dé láìní bọ́tìnnì Start, gbogbo àgbà oníbàárà ń béèrè ibi tí a gbé e lọ, a tún pa ìyẹn náà rẹ́, a sì fi Windows 7 dípò rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di bárakú. Ọmọṣẹ́ tí kò fojú kan Vista rí ń pa Windows 11 rẹ́ lónìí, bí ẹ bá sì bi í léèrè ìdí, ohun tí yóò sọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun.

Ohun kan ti yí padà láàárín ìgbà náà àti ìsinsìnyí, àwọn ọ̀gá wa kò sì ráyè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Láyé Vista àti Windows 7, bébà kékeré kan máa ń wà ní abẹ́ láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 sí. Òun ni ẹ̀rí pé olówó kọ̀ǹpútà ti san owó Windows. Bí a bá pa Windows rẹ́, a ṣì lè yí láptọ́ọ̀pù dojú délẹ̀ kí a kà á, bí ooru àti òógùn itan kò bá tíì pa á jẹ. Láti ìgbà Windows 8 ni wọ́n ti gbé kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára bébà, inú pátákó kọ̀ǹpútà náà gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ Windows 11 Home wà nínú láptọ́ọ̀pù yín báyìí, owó rẹ̀ sì wà nínú iye tí ẹ kà lé ẹni tó tà á lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà tó bá bá Windows 11 Pro wá ní ẹ̀tọ́ láti padà sẹ́yìn sí Windows 10 Pro. Home kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ọmọṣẹ́ yẹn fẹ́ ṣe ni pé kí ó pa èyí tí ẹ ti sanwó rẹ̀ rẹ́, kí ó fi èyí tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ dípò, kí ó sì tún gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé ọ̀rọ̀ mi gùn jù, pé Windows 10 fúyẹ́, 11 sì ń jẹ RAM, kí obìnrin náà kàn gba 10.

Mo bá a fara mọ́ ọn dé àyè kan. RAM 4GB àti àyè 64GB ni Microsoft pè ní ó kéré tán fún Windows 11, nígbà tí Windows 10 ń gba 2GB. Ẹni tó bá ti lo Windows 11 lórí 4GB mọ̀ pé agbára káká ni ó fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Windows 10 sórí 4GB yẹn kan náà, kí ẹ ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ewé mẹ́fà, kí ẹ wá sọ fún mi bí ó ṣe fúyẹ́ tó. RAM ni kò tó. Ẹ lọ fi kún un bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n jó mọ́ pátákó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n fi àyè ọdún kan sí i fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, àtúnṣe ààbò nìkan ni wọ́n sì ń fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ihò tí àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀, yóò wà bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè má ká ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wo fíìmù lára, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ obìnrin yìí: láti àárọ̀ dalẹ́, fláàṣì àwọn ẹni ẹlẹ́ni ló ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, fláàṣì tó ti ti Yábàá dé Múṣin, tó ti wọ ara kọ̀ǹpútà ogún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà NIN àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń tẹ̀ sórí rẹ̀. Bí mo bá ní ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bá pààrọ̀ Windows ní gbogbo Èkó, onísọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni n bá kọ́kọ́ lọ bá.

* * *

Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí 10 àti 11 pẹ́ mọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé ta ló fi Windows síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ta ló sì fi ṣí i.

Windows tí àwọn ọmọ wa ń gbé kiri nínú fláàṣì, Pro ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣí i ni ayédèrú KMS. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ní kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ ni Microsoft ṣe KMS fún: kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì ni yóò máa fọwọ́ sí i fún àwọn tó kù pé ojúlówó ni wọ́n, ìfọwọ́sí náà kì í sì í ju ọjọ́ 180 lọ bí wọn kò bá tún un ṣe. Ètò tí àwọn ọmọ náà ń lò ń díbọ́n pé òun ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yẹn. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, wọn yóò kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín lójú, nítorí pé yóò mú ètò náà bí ọlọ́ṣà. Ẹ rò ó wò: ẹ lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ lè rí àyè wọlé, ẹ kò sì mọ ohun mìíràn tó dì sábẹ́ aṣọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lórí tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ slmgr /xpr sínú àpótí tó bá jáde, kí ẹ tẹ Enter. Bí ó bá kọ ọ́ sójú pé "The machine is permanently activated", ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "Volume activation will expire", pẹ̀lú ọjọ́ kan níwájú rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ọ́fíìsì ló ni kọ̀ǹpútà náà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un kí n má gbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù tuntun wá bá mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Wọ́n ti bá a pa Windows 11 tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ fi 10 sí i, fláàṣì wọn kò rí dísìkì kankan. Wọ́n ní dísìkì náà ti kú, wọ́n sì ti ń dá iye lé òmíràn. Dísìkì kò kú. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Intel, láti ìran kọkànlá sókè, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní VMD, tí kì í jẹ́ kí fláàṣì Windows rí dísìkì àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ fún un ní dráífà Intel kan. Dráífà náà kéré, kò sì gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi Windows 11 padà sí i, kò béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó kàn ka èyí tó wà nínú pátákó ni.

* * *

Mo ṣèlérí pé mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ímeèlì. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Oníbàárà mi kan ń ta léèsì ní Balógun ní Erékùṣù Èkó. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà tó gbé e wá. Bí a ṣe tàn án, ojú aláwọ̀ búlúù ló yọ, BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì pa, ni wọ́n kọ sókè rẹ̀, ó sì ń béèrè nọ́ńbà 48, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Bàbá náà ní òun kò ṣe nǹkan kan, pé kọ̀ǹpútà ló ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe BIOS, ètò inú pátákó tó ń jí kọ̀ǹpútà, ní alẹ́ àná, òun sì ní kí ó máa ṣe é. Kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Windows 11 máa ń ti dísìkì pa fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun nígbà tí ẹ bá fi ímeèlì wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá jí i gbé má baà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì ṣe àkíyèsí pé nǹkan yí padà nídìí pátákó, yóò ní kí a fi nọ́ńbà náà hàn kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Nọ́ńbà náà kò sọnù, ó wà lọ́dọ̀ Microsoft lábẹ́ ímeèlì ẹni tó kọ́kọ́ wọlé.

A ṣí ímeèlì bàbá lórí fóònù rẹ̀, a lọ sí aka.ms/myrecoverykey. Òfo. Mo bi í pé ta ló bá a ṣí kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ tó rà á. Ó ronú díẹ̀, ó ní ọmọṣẹ́ ẹni tó tà á fún òun ni, pé dátà kò sí lórí fóònù òun lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà sì ṣe òun lóore, ó ní kí òun má ṣe ìyọnu, ó sì fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí i. A pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ ti gba fúrídọ̀mù, ó ti kó lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni a tó rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ojú ń tì í. Ímeèlì kan ló ṣe sọ́tọ̀ tó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà gbogbo oníbàárà. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, síìmù tó so mọ́ ọn sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú dánfó.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níṣojú bàbá. Windows padà dé fúnra rẹ̀, Home tó bá a wá gan-an. Ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ni kò padà dé, àti àwòrán léèsì gbogbo tó ti yà fún àwọn tí ń ra ọjà láti ìlú mìíràn.

Nítorí náà, ẹ mú dátà dání lọ sọ́jà, ẹ fi ímeèlì tiyín ṣí i fúnra yín, àní bí ó bá gba wákàtí kan lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí ẹ bá délé, ẹ lọ sí ojú òpó tí mo dárúkọ yẹn, ẹ da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Nígbà tí ẹ bá tún wà níbẹ̀, ẹ sọ fún Windows pé Wi-Fi tí ẹ so ó mọ́ jẹ́ "metered", ìyẹn ni pé ẹ ń ṣọ́ dátà lò; bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ lè gbé dátà oṣù kan mì kí ẹ tó ṣẹ́jú.

* * *

Ẹlòmíràn bèèrè bí òun ó ṣe mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ òun.

Ara páálí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí S mode bá wà lórí rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ FreeDOS ni wọ́n kọ, ẹ dúró kí ẹ ronú. Ètò ọ̀fẹ́ ni FreeDOS, ọ̀gbẹ́ni Jim Hall ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Ojú dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun ni ẹ ó rí, kò lè ṣí Word, kò lè ṣí Chrome. Àwọn ilé iṣẹ́ bí HP máa ń fi í sórí láptọ́ọ̀pù tí wọn kò bá fẹ́ san owó Windows lé lórí, ìdí nìyẹn tó fi dínwó sí ìkejì rẹ̀ láti orísun. Bí páálí bá wí pé FreeDOS, tí Windows 11 Pro sì ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà, ẹ kò nílò kí n sọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ẹ lè rà á o, ọjà rere ni, ṣùgbọ́n ẹ ná an bí ọjà tí kò ní Windows, kí ẹ sì fi owó Windows sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tí mo ti ń bínú ni pé wọ́n ń ta méjèèjì ní iye kan náà fún ẹni tí kò mọ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí, orílẹ̀-èdè tí ẹ wà ni yóò kọ́kọ́ bi yín. Bí ó bá gbé yín lọ tààrà sójú tábìlì Windows, tí orúkọ "User" tàbí "Admin" sì ti wà níbẹ̀, ẹnì kan ti ṣáájú yín dé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹ ṣáà béèrè.

Ní ti tòkúnbọ̀ tí wọ́n nù, tí wọ́n tún dì sínú ọ̀rá bí tuntun, orúkọ ìran rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ìran kẹjọ Intel ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú ìran keje, ó sì gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, ohun inú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò. HP EliteBook 840 G3 tó kún Ìkẹjà fọ́fọ́, ìran kẹfà ni. Ọ̀pọ̀ G5 ló jẹ́ ìran kẹjọ. Ẹ wo orúkọ ọpọlọ rẹ̀, bí i5-6300U: 6 tó tẹ̀lé àmì náà ni ìran. Bí ẹ bá bá Windows 11 lórí G3, wọ́n fo ògiri wọlé ni, Microsoft kò sì ṣèlérí àtúnṣe kankan fún un. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra G3, òun ni mo fi ń kọ èyí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é ní tuntun fún yín. Ẹni tí wọ́n bá tà á fún bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì gbà á padà, lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí LASCOPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Rìsíìtì tí wọ́n kọ "brand new" sí ni yóò gbè yín níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

* * *

Sí ẹni tó bèèrè bóyá wọ́n ń pa macOS tó bá Mac, kọ̀ǹpútà Apple, wá rẹ́ kí wọ́n fi ti àtijọ́ dípò: ìbéèrè yẹn kò pọ̀ lọ́dọ̀ Apple. Mac kì í sábà gba macOS tó ju èyí tó bá a wá lọ́jọ́ orí lọ. Àwọn M1 àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Big Sur ló wà lórí wọn, wọn kò sì ní gba Catalina, macOS tó ṣáájú rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sí ẹni tó ní kí gbogbo wa lọ lo Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows: mo fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004, kò sì ná yín ní nǹkan kan ju dátà lọ. Fún láptọ́ọ̀pù FreeDOS, mo máa ń dábàá rẹ̀ kí n tó dábàá ayédèrú. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní ètò ìṣirò owó tí wọ́n ṣe fún Windows, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń gbé ìwé Word wá tí ìlà rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rí owó ilé rẹ̀ pa ná.

* * *

Oníbéèrè ti padà wá. Ó ti jáde kúrò ní S mode, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ṣiṣẹ́, ètò ìṣirò owó náà ti wọlé. Skánà rẹ̀ àtijọ́ ló kù tó ń ṣagídí, ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù fún un sì ti ń sọ pé òun kúkú ti wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má dá a lóhùn. Skánà tó ti wà láti ayé XP, dráífà 32-bit, irú ti àtijọ́, nìkan ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, Windows 64-bit, irú tó wọ́pọ̀ lónìí, kì í sì í gba irú dráífà bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ 7, ìbáà jẹ́ 10. Windows 11 kò tilẹ̀ ní 32-bit rárá. Windows 10 tí wọ́n fẹ́ fi sí i fún yín, 64-bit ni ìyẹn náà ì bá jẹ́, skánà ì bá sì kọ̀ ọ́ bákan náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe skánà náà bóyá wọ́n ní dráífà 64-bit. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ Windows 7 sí i, ẹ dán an wò, nítorí ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Bí kò bá sí, bí ẹ bá ní dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ṣì ń tàn, ẹ jẹ́ kí skánà máa bá a gbé. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ẹ sì ya fláàṣì kan sọ́tọ̀ tí ẹ ó máa fi gbé àwòrán láti orí rẹ̀ wá sórí tuntun. Ẹ so òwú pupa mọ́ fláàṣì náà kí oníbàárà má baà ṣèèṣì gbé e lọ.